Ohun tí a óò bò mọ́lẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò: ọ̀rọ̀ àsọyé fún ìdílé tó fẹ́ kọ́ ilé

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Mi ò ní sọ̀rọ̀ àwọ̀ ọ̀dà lónìí, mi ò sì ní dá sí irú táìsì tó wà lóde. Ìwọ̀nyẹn, bó bá sú yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó fi òmíràn sí i. Àwọn nǹkan tí ilé máa ń gbé mì ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò: kọnkéré inú ilẹ̀, irin inú kọnkéré, páìpù abẹ́ fúlọ̀, wáyà inú ògiri. Bí wọ́n bá ti bò wọ́n, ó tán. Ẹni tó bá fẹ́ tún wọn ṣe, àfi kó fọ́ ilé.

Òfin kan ṣoṣo ni màá gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lé: kí ẹnikẹ́ni má bo ohunkóhun mọ́lẹ̀ nínú ilé yín láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú ìdílé ti fojú rí i, ó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó sì ti ya fọ́tò rẹ̀. Èyí kò ní kí ẹ má gba ẹnjiníà o. Ẹnjiníà ló máa sọ bí ìpìlẹ̀ á ṣe fẹ̀ tó àti iye irin tó máa wọ dékìnnì, àwòrán tirẹ̀ ló sì borí iye yòówù tí mo bá dá lónìí. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà kì í sùn sí sáìtì, àwọn nǹkan tó ń ba ilé jẹ́ sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà tó lọ àti ìgbà tó tún dé.

Kí a tó dé orí ilẹ̀, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ìwé. Lórí ìwé, pẹ́ńsùlù ni yóò gbé ilẹ̀kùn láti ibì kan sí ibòmíràn. Tí ògiri bá ti dúró, òòlù ni yóò gbé e. Ẹ wọn àga àti bẹ́ẹ̀dì yín kí ẹ tó fọwọ́ sí àwòrán. Bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní mítà 1.8 ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 lọ́tùn-ún àti 60 lósì kí ènìyàn tó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mítà 3 ti pé nìyẹn, a ò sì tíì gbé kọ́bọ́ọ̀dù wọlé. Ẹ béèrè bóyá ìwọ̀n tó wà lórí àwòrán ti ka pílásítà mọ́ ọn. Sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lára ògiri kọ̀ọ̀kan, yàrá ti fi sẹ̀ǹtímítà 3 dínkù kí ẹ tó gbé nǹkan kan sí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi èèkàn àti okùn fa ilé náà sórí ilẹ̀ bó ṣe máa tóbi gẹ́lẹ́. Kí tọmọdé tàgbà wọ inú rẹ̀. Kí ẹni tó máa ń dáná rìn láti ibi omi dé ibi iná, kí ẹni tí orúnkún ń dùn dúró síbi tí àtẹ̀gùn máa wà, kí ó wo bí ilé ìwẹ̀ ṣe jìnnà sí i tó. Ṣùgbọ́n kí ojú má tàn yín: ilé tí kò tíì ní ògiri máa ń dà bíi pé ó kéré jù. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ti torí ẹ̀ fi mítà kan kún yàrá tó ti tó tẹ́lẹ̀. Téèpù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Àtẹ̀gùn náà wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe àṣìṣe rẹ̀ lórí ìwé. Ká ní láti ojú fúlọ̀ ìsàlẹ̀ dé ojú fúlọ̀ òkè jẹ́ mìlímítà 3,000. Ìgbésẹ̀ tó rọrùn máa ń ga ní 150 sí 180. Ẹ pín 3,000 sọ́nà 17, ìkọ̀ọ̀kan á jẹ́ 176 àti díẹ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ẹni tó da kọnkéré àtẹ̀gùn kò ka nípọn táìsì tó ń bọ̀ lórí fúlọ̀ méjèèjì, ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ bá kúrú, tí ti ìkẹyìn sì ga. Ẹsẹ̀ ènìyàn ti há gíga àtẹ̀gùn sórí kó tó dé ìkẹta. Èyí tó bá yàtọ̀ ni yóò gbé e ṣubú, pàápàá lóru.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù ká tó gbẹ́lẹ̀. Bí ọkọ bá sọ fún bíríkìlà láàárọ̀ pé kí fèrèsé fẹ̀ sí i, tí ìyàwó dé lọ́sàn-án tó ní kó dín in kù, èyí tó rọ bíríkìlà lọ́rùn ló máa ṣe. Kí ìdílé yan ẹnu kan ṣoṣo tí yóò máa bá àwọn oníṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ohun tó bá sọ sì wà nínú ìwé kan tí kì í kúrò ní sáìtì, pẹ̀lú ọjọ́ tó sọ ọ́.

Ó ku ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́ta tàbí mẹ́rin síbi tí igun ilé àti àárín ilé máa wà, kí ó jìn tó mítà 1.5 ó kéré tán, kí ẹ sì bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ dúdú òkè tí gbòǹgbò wà nínú rẹ̀, ẹ ó hó o kúrò pátápátá, nítorí ohun tó ń jẹrà nínú rẹ̀ á máa rọ̀ sísàlẹ̀. Bí ẹ bá rí náílọ̀n, àfọ́kù ìgò tàbí aṣọ àkísà nínú ihò, ilẹ̀ tí wọ́n kó dà síbẹ̀ ni. Ó lè le lójú, kò sì le nísàlẹ̀. Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀ sọ́wọ́, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Bó bá ń gùn bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, amọ̀ ni. Amọ̀ máa ń wú bó bá mu omi, á sì súnkì bó bá gbẹ. Ìpìlẹ̀ tí kò jìn á máa bá a gòkè sọ̀kalẹ̀ lọ́dọọdún títí ògiri á fi sán. Ẹ fi ihò náà sílẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ láàárọ̀, ẹ sọ fún ẹnjiníà kó tó yàwòrán ìpìlẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Lórílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń mú ilẹ̀ dì, ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ jìn ju ibi tí ilẹ̀ ń dì dé.

Ní ti fífa ilé, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ni gbogbo rẹ̀. Láti igun kan náà, ẹ wọn mítà 3 lórí okùn kan àti mítà 4 lórí èkejì. Bí igun náà bá gún, láti àmì sí àmì á jẹ́ mítà 5 géérégé. Bí ilé bá tóbi, 6, 8 àti 10 ló dára jù, nítorí àṣìṣe kékeré máa ń hàn lórí okùn gígùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ na téèpù láti igun dé igun ní ìdábùú, lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá fi ju sẹ̀ǹtímítà kan yàtọ̀ síra, ẹ tún okùn fà. Ilé tí igun rẹ̀ kò gún kò ní torí ìyẹn wó, àmọ́ táìsì á máa tú àṣírí rẹ̀: lẹ́bàá ògiri, wọ́n á máa gé e ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀bẹ. Fún gíga ilẹ̀, rọ́bà gígùn tó mọ́ gaara tí omi kún inú rẹ̀ ti tó. Omi ẹnu méjèèjì á dúró ní gíga kan náà bí ilé tiẹ̀ gùn tó 20 mítà. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni afẹ́fẹ́ tó há sínú rọ́bà, tàbí kí ẹnì kan fi àtàǹpàkò dí ẹnu kan.

Nínú kòtò ìpìlẹ̀, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó le, kó sì mọ́. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ gé ìsàlẹ̀ kòtò bí àtẹ̀gùn, ẹ má jẹ́ kó dà gẹ̀rẹ́. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gbẹ́ ibì kan jìn jù, kọnkéré ni kí ẹ fi dí i. Ẹni tó bá fi iyẹ̀pẹ̀ dí i ti fi tìmùtìmù sábẹ́ ilé. Bí òjò bá rọ̀ sínú kòtò mọ́jú, ẹ kó ẹrọ̀fọ̀ kúrò títí ẹ ó fi tún kan ilẹ̀ líle kí ẹ tó da ohunkóhun.

Kọnkéré ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni owó púpọ̀ ti ń lọ láìmú agbára bọ̀. Èyí tí wọ́n ń lò jù fún ilé gbígbé ni 1:2:4, ìyẹn símẹ́ǹtì kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Kí ni a ó fi wọ̀n ọ́n? Ṣọ́bìrì ni wọ́n sábà máa ń kà. Ṣùgbọ́n ṣọ́bìrì òwúrọ̀ kì í ṣe ṣọ́bìrì ọ̀sán. Nígbà tí ara bá yá lébìrà, ó ń bù ú rẹ́kẹrẹ̀kẹ. Nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, ẹnu ṣọ́bìrì nìkan ló ń kún. Àpò símẹ́ǹtì tó wúwo tó 50 kílò, bí a bá tú u, lítà 35 ni, tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà kan àpótí pákó kan tí kò ní ìdí, tí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 35, tó fẹ̀ ní 33, tó sì ga ní 30. Ẹ gbé e kalẹ̀ síbi tí ẹ ti fẹ́ pò ó, ẹ bu yanrìn kún un, ẹ fi pákó gé orí rẹ̀ dọ́gba, ẹ fà á sókè, yanrìn á jókòó sílẹ̀. Àpò símẹ́ǹtì kan, àpótí yanrìn 2, àpótí òkúta 4. Kò sí àríyànjiyàn mọ́, ọmọdé ìdílé lè jókòó máa kà á. Yanrìn tó rin díẹ̀ máa ń wú, ó lè fi tó ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi ju èyí tó gbẹ lọ, nítorí náà bí yanrìn bá rin, ẹ jẹ́ kí àpótí rẹ̀ kún ju ẹnu lọ díẹ̀.

Ẹ dán yanrìn wò kí ẹ tó sanwó rẹ̀. Ẹ bù ú dé ìdajì ìgò tó mọ́ gaara, ẹ da omi sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ mì í dáadáa, ẹ gbé e kalẹ̀ fún wákàtí 3. Yanrìn á rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrọ̀fọ̀ á sùn lé e lórí. Bí yanrìn bá nípọn ní mìlímítà 100, tí ẹrọ̀fọ̀ orí rẹ̀ ju 8 lọ, ẹ dá ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ẹrọ̀fọ̀ ni kì í jẹ́ kí símẹ́ǹtì di òkúta mú. Yanrìn etí òkun tí wọn ò fọ̀, ẹ má sún mọ́ ọn: iyọ̀ inú rẹ̀ á jẹ irin láti inú.

Omi wá ńkọ́? Lítà 25 sí 30 ti tó fún àpò kan, kó sì dín bí yanrìn bá rin. Símẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kò nílò ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ láti le; ìyókù wà kó lè ṣeé dà ni. Omi tó bá ṣẹ́kù á gbẹ jáde, á sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀ nínú kọnkéré. Àwọn ihò yẹn ni omi ilẹ̀ ń gbà wọlé lọ bá irin. Lébìrà fẹ́ràn kọnkéré tó ń ṣàn, torí kò ní tì í, fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ wo òkìtì tí wọ́n bá pò: bí omi símẹ́ǹtì bá ń ṣàn jáde láti ìdí rẹ̀ tó ń wọlẹ̀ lọ, símẹ́ǹtì yín ló ń lọ yẹn. Kọnkéré tó bá ti pé wákàtí kan nílẹ̀ tó ń le, kí wọ́n má da omi sí i láti fi jí i dìde. Kí wọ́n máa pò ó níwọ̀n tí wọ́n lè dà tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní gbogbo kòtò ìpìlẹ̀, bí a bá tò ó mọ́ra, gùn ní mítà 60, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 67.5, kọnkéré inú rẹ̀ á sì nípọn ní 22.5. Ìlọ́po 60, 0.675 àti 0.225 jẹ́ mítà oníkẹ́tà 9.1. Mítà oníkẹ́tà kan ti 1:2:4 ń jẹ àpò 6.3. Àpò 57 àti díẹ̀ nìyẹn; bí ẹ bá fi ti ìfiṣòfò kún un, ẹ ra 62. Bí wọ́n bá wá sọ fún yín lẹ́yìn iṣẹ́ pé àpò 40 ló wọ ilẹ̀, ẹ má yọ̀ pé owó ṣẹ́kù. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi rọ́pò 17 tó kù.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, kí wọ́n fi irin tàbí ẹ̀rọ agbọ̀nrìrì tẹ̀ ẹ́ káàkiri kí afẹ́fẹ́ jáde, lẹ́yìn náà ó di iṣẹ́ ìdílé. Kọnkéré kì í gbẹ kó tó le, mímu ló ń mu omi kó tó le. Ọjọ́ 7 ni kí ẹ fi jẹ́ kó máa tutù, pẹ̀lú àpò tó rin tàbí náílọ̀n tí ẹ fi bò ó. Láàárín ọjọ́ 7 yẹn ló máa ní bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì máa ń fi díwọ̀n bó ṣe le tó. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, omi tí ẹ bá dà sí i lọ́jọ́ kẹwàá kò lè dá ohun tó sọnù padà. Nínú gbogbo iṣẹ́ ilé, èyí nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, òun náà ni wọ́n sì máa ń fò jù.

Irin. Ẹ má fi ojú gba irin. Ìwọ̀n irin yíká ní kílò fún mítà kan kò le: ẹ fi nípọn rẹ̀ ní mìlímítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ pín in sí 162. Irin 12: 144 pín sí 162 jẹ́ 0.89 kílò. Irin 16 jẹ́ 1.58. Irin tó gùn ní mítà 12, tó sì nípọn ní 12 lóòótọ́, á tó kílò 10.7. Bí ẹ bá gbé e lé ìwọ̀n tó jẹ́ 9, irin 11 ni wọ́n tà fún yín lórúkọ 12, ilé yín sì ti fi bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára irin dínkù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Níbi tí irin méjì bá ti bá ara wọn, kí wọ́n gun ara wọn ní ìlọ́po 40 sí 50 nípọn irin náà: fún irin 12, sẹ̀ǹtímítà 48 sí 60. Kí gbogbo ìpàdé má sì wà lójú kan.

Irin kò gbọdọ̀ fara kan ilẹ̀, kò gbọdọ̀ fara kan pákó. Kí kọnkéré bò ó yípo: mìlímítà 50 nínú ìpìlẹ̀ tó ní ìtẹ́lẹ̀ kọnkéré tín-ínrín, 75 bó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ló kọjú sí, nǹkan bí 25 nínú dékìnnì inú ilé. Ẹ ṣe bísíkíìtì símẹ́ǹtì kéékèèké láti fi gbé e sókè. Òkúta tàbí igi tí wọ́n fi ń gbé e kò dára: òkúta á yẹ̀, igi á jẹrà, á sì fi ihò sílẹ̀. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé irin tó bá dípẹtà máa ń wú ní ìlọ́po mélòó kan. Bó bá wú nínú kọnkéré, á ti kọnkéré dànù láti inú. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ń rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ lábẹ́ dékìnnì, tí irin pupa sì ń yọjú.

Ẹ wo balikóní lójú méjèèjì. Nínú dékìnnì tí ògiri gbé lápá méjèèjì, irin ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Nínú balikóní tó nawọ́ síta, irin òkè ló ń gbé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré, gbogbo ènìyàn ló ń rìn lórí irin yẹn pẹ̀lú bárò. Á tẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ sí àárín tàbí ìsàlẹ̀, kọnkéré á bò ó, ojú rẹ̀ á sì dán. Balikóní náà á dúró níwọ̀n ìgbà tí pákó bá ṣì ń gbé e. Kí ẹnì kan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú téèpù títí kọnkéré á fi bo irin. Kí wọ́n má sì yọ igi abẹ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọjọ́ 28. Ti dékìnnì tó kù, ọjọ́ 14 sí 21, bí ẹnjiníà bá ṣe wí.

Ká padà sísàlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù inú ilẹ̀, kí wọ́n fi kọnkéré dí ihò inú rẹ̀, kí wọ́n sì fi símẹ́ǹtì kan sí yanrìn 4 tò ó. Iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa fi kún inú ìpìlẹ̀, ìpele sẹ̀ǹtímítà 15 ni kí wọ́n máa dà, kí wọ́n gún un, kí wọ́n tó da òmíràn. Bí wọ́n bá dà á kún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n gún orí rẹ̀ nìkan, ìsàlẹ̀ á rọ̀ lẹ́yìn ọdún kan, fúlọ̀ á sì máa dún kóńkó bí ẹ bá kàn án. Lórí iyẹ̀pẹ̀ náà, náílọ̀n tó nípọn, 0.25 mìlímítà ó kéré tán, kó gun ara rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30 níbi tó ti pàdé, kó sì gòkè bá ìdènà omi tó wà lábẹ́ ògiri, ìyẹn ìpele tí kì í jẹ́ kí omi ilẹ̀ gòkè sínú ògiri. Ìdènà omi yẹn gbọ́dọ̀ ga ju ilẹ̀ ìta lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15. Ọ̀pọ̀ ilé tí ìdí ògiri rẹ̀ ń mu omi ló ní ìdènà yìí. Àwọn onílé ló wá da iyẹ̀pẹ̀ òdòdó tàbí kọnkéré ìta gòkè kọjá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí omi fi rí afárá gbà.

Páìpù ìdọ̀tí tó fẹ̀ ní mìlímítà 100, kí ó máa fi mìlímítà 25 sọ̀kalẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Lórí mítà 10, sẹ̀ǹtímítà 25 nìyẹn, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú rọ́bà omi yín. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ gbalaja, ìdọ̀tí á dúró sínú rẹ̀. Igun mímú sì ni ibi tó ti ń dí, nítorí náà ẹ fi ìṣíbò, ìyẹn ihò onídèérí tí a lè ṣí láti yọ ìdọ̀tí, síbi tí páìpù bá ti yí. Kí wọ́n tó bò ó, ẹ dí ẹnu ìsàlẹ̀, ẹ rọ omi kún un, ẹ fàmì sí ojú omi, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí kan. Páìpù omi mímu, kí wọ́n fi agbára omi dán an wò kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Bí kànga bá wà lórí ilẹ̀ kan náà, kí ibi tí omi ìdọ̀tí ń wọlẹ̀ sí jìnnà sí i tó mítà 30.

Ti ògiri, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀, ojú ń rí i. Búlọ́ọ̀kù tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 450 sí 225, 10 ni fún ògiri tó gùn ní mítà kan tó sì ga ní mítà kan, pẹ̀lú èyí tó máa fọ́. Kí wọ́n má tò ó kọjá mítà kan àbọ̀ lójúmọ́, kí símẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ má baà fún jáde. Kí líńtẹ̀ẹ̀lì, ìyẹn bíìmù orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, wọ inú ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 lápá méjèèjì. Kí oníṣẹ́ iná la ipa wáyà lóòró (láti òkè dé ìsàlẹ̀) tàbí gbọọrọ (láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́), kò gbọdọ̀ là á ní ìdábùú láti igun dé igun: ẹni tó máa lu ihò sí ògiri lọ́dún mẹ́wàá sí i á rò pé wáyà gùn tààrà láti súwíìṣì ni. Kí ipa gbọọrọ má jìn ju ìdá kan nínú mẹ́fà nípọn ògiri lọ.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Bí tiyín bá lanu, ẹ wo bó ṣe là. Èyí tó sọ̀kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́ bí àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé, tó fẹ̀ lápá kan ju ìkejì lọ, ìpìlẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, tàbí líńtẹ̀ẹ̀lì tó kúrú. Èyí tó dà bí àwọ̀n lórí pílásítà, símẹ́ǹtì ló pọ̀ jù tàbí oòrùn ló tètè gbẹ ẹ́. Ọ̀dà á bò ó. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ ọjọ́ sí ẹnu èyí àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ wò ó bóyá ó ń gùn sí i kí ẹ tó dí i.

Òrùlé: ìjì kì í ti òrùlé, gbígbé ló ń gbé e sókè. Nítorí náà, irin tàbí ọ̀já irin tó di pákó orí ògiri mú gbọ́dọ̀ ti wà nínú kọnkéré kí wọ́n tó dà á. Ìṣó tí wọ́n kàn mọ́ orí búlọ́ọ̀kù lásán kò mú nǹkan kan.

Owó máa ń tán lágbedeméjì, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ibi tí ẹ bá dúró sí ló ṣe kókó. Ẹ dúró sí ojú fúlọ̀, tàbí lórí bíìmù òkè ògiri, tàbí lẹ́yìn òrùlé. Bí ògiri bá máa pẹ́ láìní òrùlé, ẹ fi símẹ́ǹtì bo orí rẹ̀ kí òjò má gba inú búlọ́ọ̀kù sọ̀kalẹ̀. Irin òpó tó yọrí sókè, ẹ kun ún pẹ̀lú símẹ́ǹtì pípò tàbí kí ẹ fi náílọ̀n wé e, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ìpẹtà rẹ̀ ọjọ́ tí ẹ bá padà dé. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dín yàrá kan kù. Ẹ má dín símẹ́ǹtì kù. Ẹ ya ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ohun tí ilẹ̀ bá fi pamọ́, kí ẹ sì so owó iṣẹ́ mọ́ ìbòmọ́lẹ̀: ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá wo irin tán lẹ ó san ti irin, ẹ̀yìn ìgbà tí omi dúró nínú páìpù lẹ ó san ti páìpù. Bí wọ́n bá bò ó kí ẹ tó dé, kí àdéhùn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ló máa ṣí i.

Ní ti fọ́tò, fọ́tò ògiri lásán kò wúlò. Ẹ na téèpù láti igun yàrá dé ibi tí páìpù wà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ yàrá sára ògiri, kí ẹ tó yà á. Ẹ yà á fún gbogbo ògiri, gbogbo fúlọ̀, gbogbo òpó, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ síbi méjì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ ògiri pálọ̀, ẹ ó rí i nínú fọ́tò pé wáyà ń gòkè ní sẹ̀ǹtímítà 42 láti igun, ẹ ó sì lu ihò yín sí 60.